Àwọn Olùkọ́ Òwò Ilẹ̀: Ta Ni Ó Ń Jèrè Nínú Ẹ̀kọ́ Wọn?

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ìbáà ṣe ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì, tàbí ará Ọ̀ffà tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, tàbí ará Ìjẹ̀bú tí ó ní ìsọ̀ ní Sábọ́n-Gàrí ní Kánò, ó ṣòro kí a tó rí ọmọ Yorùbá kan ní ìdálẹ̀ tí kò ní in lọ́kàn láti kọ́ ilé tirẹ̀ sí ìlú baba rẹ̀ kí ọjọ́ ogbó tó dé. Ìfẹ́ ọkàn yìí ti pẹ́, ó sì dára. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé àwọn kan ti sọ ìfẹ́ ọkàn náà di ọjà títà.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ̀ǹda kí ọjà pàṣípààrọ̀ owó máa sọ iye tí náírà jẹ́, náírà já wálẹ̀ gidigidi, ọ̀wọ́n-gógó sì jẹ owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tọ́jú sí báńkì bí ikán ti ń jẹ igi. Ẹni tí ó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ kò fẹ́ kí ó jókòó lásán mọ́. Ilẹ̀ ni olúkúlùkù ń sá lọ bá. Ibi tí àwọn olùkọ́ òwò ilẹ̀ ti rí àyè wọlé nìyí. Wọn a pe àwọn ènìyàn sí ìpàdé ọ̀fẹ́ nínú ilé ìtura ńlá, tàbí kí wọ́n pè wọ́n sí ìpàdé alẹ́ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Wọn a fi àwòrán ọkọ̀ bọ̀gìnnì àti ilé alájà hàn wọ́n. Ẹlẹ́rìí kan a bọ́ síta, a ní òun kò ní kọ́bọ̀ rí, ṣùgbọ́n òun ti di onílé mẹ́ta lónìí. Nígbà tí orí gbogbo ènìyàn bá ti wú, wọn a kéde pé ẹ̀kọ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àti pé owó rẹ̀ yóò fò sókè bí aago méjìlá òru bá ti lù.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ dáhùn ni èyí: ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tó iye tí wọ́n ń tà á bí?

Ibi tí òwò náà ti ṣẹ̀

Òwò yìí kò ṣẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ rí i, àwọn ará ibẹ̀ sì ti fi owó ńlá kọ́gbọ́n nídìí rẹ̀. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Califọ́níà pàṣẹ pé kí àwọn tí ń ta ẹ̀kọ́ òwò ilé tí a fi orúkọ John Beck pè, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìdolówó méjì mìíràn, san 478 mílíọ̀nù dọ́là. Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń polówó pé ènìyàn lè fi owó táṣẹ́rẹ́ ra ilé tí ìjọba gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ owó orí. Ohun èlò ẹ̀kọ́ náà kò ju nǹkan bí 40 dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rà á ni wọn yóò máa tẹ̀ láago, pé kí ó tún san owó olùkọ́ àdáni, èyí tí ó lè tó nǹkan bí 15,000 dọ́là.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Trump University, tí Donald Trump dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, kí ó tó di ààrẹ. Ìpàdé àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ 1,495 dọ́là. Èyí tí ó ga jù lọ jẹ́ 34,995 dọ́là. Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ New York sọ pé kò tọ́ kí ó máa jẹ́ yunifásítì láìgba àṣẹ, ó sì pa orúkọ náà dà ní ọdún 2010. Ní ọdún 2013, Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ náà gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n ṣèlérí pé Trump fúnra rẹ̀ ni ó ṣa àwọn olùkọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ni ó ṣà wọ́n. Àti pé wọ́n ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti tẹ àwọn ilé iṣẹ́ tí ó fún wọn ní káàdì ìyáwó láago, kí wọ́n fi kún iye tí wọ́n lè yá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, a fi 25 mílíọ̀nù dọ́là parí ẹjọ́ náà àti méjì mìíràn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pè. Trump kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Síbẹ̀, òwò náà kò dúró. Ní ọdún 2019, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ìwà àìtọ́ nínú òwò, pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Utah, pe ilé iṣẹ́ Zurixx lẹ́jọ́. Níbẹ̀ náà, ìpàdé ọ̀fẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tẹ̀ lé e, ìparí rẹ̀ sì lè ju 40,000 dọ́là lọ. Nígbà tí ẹjọ́ náà parí, a fòfin dè wọ́n pé wọn kò gbọdọ̀ ta ẹ̀kọ́ òwò ilé mọ́.

Bí a bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, a ó rí i pé ìlẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Ìlẹ̀kùn kìíní jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí owó pọ́ọ́kú. Ìlẹ̀kùn tí ó gbẹ̀yìn ni ó ń gba owó tí a bá fi ra ilé. Ní ẹnu ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, àṣírí tí a ṣèlérí ni a tún ń sún síwájú.

Ilẹ̀ wọn yàtọ̀ sí tiwa

Ká tilẹ̀ ní olóòótọ́ ni olùkọ́, ohun tí ó kà nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà kò lè ṣiṣẹ́ níhìn-ín bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Gbòǹgbò ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí ènìyàn fi owó ẹlòmíràn ra ilé, kí owó tí ayálégbé ń san sì máa san gbèsè náà. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ lè yá owó ilé fún ọgbọ̀n ọdún pẹ̀lú èlé tí kò ní yí padà. Ní Nàìjíríà, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, èlé àwọn báńkì tí ń yá ará ìlú lówó a sì máa ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ wò. Bí ènìyàn bá yá mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní èlé 30 nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù mẹ́ta ni èlé nìkan lọ́dọọdún. Bí ilé tí ó fi rà bá ń mú 600,000 náírà wọlé lọ́dún, 2,400,000 ni yóò máa fà yọ láti inú àpò ara rẹ̀, kò sì tíì san kọ́bọ̀ nínú ojúlówó gbèsè.

Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ tún le ju èyí lọ. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ tí ó ti ní C of O gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí ohun tí ó rà tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, òfin ìbílẹ̀ tí àwọn ilé-ẹjọ́ wa ń tẹ̀ lé ni pé bí olórí ẹbí bá tà á láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ pa títà náà rẹ́ ní kóòtù; bí ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá sì dá a tà, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan rárá. Ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn ajagungbalẹ̀ mọ́ ọn, àwọn tí Ìpínlẹ̀ Èkó torí wọn ṣe òfin ní ọdún 2016.

Ẹ wo Ìbéjú-Lẹ́kì. Láti ìgbà tí a ti ṣí èbúté Lẹ́kì ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí a sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún ọdún náà, kò sí olùkọ́ òwò ilẹ̀ tí kò fi orúkọ agbègbè náà kọrin. Òtítọ́ ni pé ìdàgbàsókè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àbàtà wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Sókótó kò lè fi àwòrán orí ẹ̀rọ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ọrùn ẹni tí yóò dáni láṣọ

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. Àpò mẹ́ta ni owó ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ń gbà wọlé. Èkíní ni owó ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Èkejì ni ilẹ̀ tí wọ́n ń tà tàbí tí wọ́n ń gba kọ́míṣọ̀n lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà di ìpolówó, akẹ́kọ̀ọ́ sì di oníbàárà tí ó sanwó kí wọ́n tó polówó ọjà fún un. Ẹ̀kẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ di alágbàtà, tí a ní kí wọ́n lọ mú àwọn mìíràn wá kí wọ́n lè rí kọ́míṣọ̀n gbà.

Àpò kẹta yìí ni ó léwu jù fún àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ta ni ẹni tuntun yìí yóò kọ́kọ́ mú wá? Àwọn ará ìlú rẹ̀ ni, nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàárín àwọn tí ó jìnnà sílé ni wọ́n fi ń ra ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Bí ilẹ̀ náà bá wá di ti ìjọba tàbí ti ẹlòmíràn, kì í ṣe owó nìkan ni ó sọnù. Alágbàtà tí òun náà kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ ni àwọn ará rẹ̀ yóò máa pè ní olè, nígbà tí olùkọ́ ti wà ní ìlú mìíràn tí ó ń ṣe ìpàdé ọ̀fẹ́.

Bí ó ti wù kí ó rí, kò yẹ kí a da gbogbo wọn pọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ra ilẹ̀, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n sì ń fi òótọ́ sọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rìsíìtì ẹbí àti C of O lè jàǹfààní nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ohun tí kò sí ni ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ sí owó pulọ́ọ̀tì odidi. Àwọn tí ó gba oyè nínú ìmọ̀ ilé àti ilẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tàbí ti Èkó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Kò lè jẹ́ ohun tí a ó kọ́ tán ní òpin ọ̀sẹ̀ kan.

Ìwọ̀n tí a lè fi wọ̀n wọ́n

Kí ènìyàn tó san owó, ó yẹ kí ó bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ olùkọ́. Ilẹ̀ wo ni ó rà, níbo ni, ìwé rẹ̀ dà? Ǹjẹ́ ó ní ilẹ̀ tí yóò tà fún akẹ́kọ̀ọ́? Bí ẹ̀kọ́ bá tán, ǹjẹ́ òmíràn tún wà tí a ó sanwó fún? Ẹni tí inú bá bí nítorí ìbéèrè mẹ́ta yìí ti dáhùn wọn ná.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ronú ohun tí owó náà ìbá ṣe níbòmíràn. Owó kan náà tó láti gba wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ó gbé ìwé ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Àgbà ìpínlẹ̀, láti mọ̀ bí ìjọba bá ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó tó láti gba lọ́yà tí kì í ṣe lọ́yà ẹni tí ń tà á, kí ó yẹ àkọsílẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀, yálà ní Aláúsá, ní Agodi tàbí ní Òkè-Mọ́sàn. Ó sì tó owó ọkọ̀ lọ sílé, kí onítọ̀hún fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀ náà nígbà òjò, kí ó sì bá àwọn tí ó yí i ká sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ tí a ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún Àpò Owó Ilé Gbígbé, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1992, lè lọ bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí èlé ibẹ̀ kéré sí ti báńkì lọ́pọ̀lọpọ̀.

Kò sí èyí tí ó jẹ́ àṣírí nínú gbogbo ohun wọ̀nyí. Wọn kò dùn-ún gbọ́ bí ìtàn ẹni tí ó di onílé mẹ́ta láìní kọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe wọ́n tán ní òru ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ogún ọdún ta ọjà lábẹ́ oòrùn Kánò mọ̀ pé owó kì í yára wá. Kò yẹ kí ó gbà á gbọ́ lẹ́nu àlejò pé ilé yóò yára wá. Owó tí ó fi òógùn kó jọ, ilẹ̀ tí ó dájú ni kí ó fi rà, kí ó lè rí ibi tí yóò bọ̀ sí nígbà tí oko bá tó sinmi.