Ẹ Má Fi Ọmọdé Jẹ Baba Ilé

Ẹ̀yin ará Èrìò-Èkìtì, ẹ̀yin aládùúgbò wa ní Àrámọkọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìkọ̀gòsì àti Ìjerò, ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń sọ lójú oórì tí mo bẹ̀ yín pé kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n á ti da erùpẹ̀ bo baba tán, ìyá á wà nílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, àgbàlagbà kan á gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọkùnrin ọmọ ọdún méjìlá, á ní: "Nu ojú ẹ. Ọkùnrin ni ẹ́. Ìwọ ni baba ilé báyìí." Gbogbo wa á sì ṣe àmín.

Mo mọ̀ pé à ń fi kì í láyà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń gbọ́ ni pé ẹkún òun ti di ẹ̀ṣẹ̀, pé àwọn àbúrò ti di ẹrù òun, pé kò sí ẹni tí òun lè sá di mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹ̀rù bá bà á lóru, kò ní sọ. Bí ebi bá ń pa á, á ní òun ti jẹun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Kí ló dé tí a fi ń gbé gbogbo ẹrù ilé sórí pẹpẹ tí a ní kí ó lọ gbé e?

Ti ọmọ tí baba rẹ̀ kú nìyẹn o. Ti ìbọn tún wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì iléèwé kan tó ti Emùré-Èkìtì bọ̀ lọ́nà, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn wọgbó bí wọ́n ṣe ń darí sílé ní Èporo. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Èsùn ní agbègbè Ìkọ́lé. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì, wọ́n tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀, gbogbo Èkìtì sì dúpẹ́. Awakọ̀ wọn kò bá wọn padà wálé. Ọmọ tó bá fojú rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ti jáde nínú igbó kí ọkàn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwa tí à ń gba ọ̀nà Èrìò sí Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Emùré kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn.

Ẹ wo ọmọ náà dáadáa. Èyí tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ẹní tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà bú láìròtẹ́lẹ̀, ó ta gìrì. Ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ di odi, ọmọ jẹ́jẹ́ di oníjà, ẹ̀gbọ́n wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fa igbó. Àwa á ní ó ti yàyàkuyà, a ó fa pàṣán yọ. Ẹ má nà án. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán. Bí oṣù kan bá kọjá tí kò rọlẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ti ìpínlẹ̀ ní Adó. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn wà níbẹ̀, lílọ sọ́dọ̀ wọn kò sì sọ ọmọ di wèrè. Àdúrà dára, ẹ gbà á fún un. Ẹ gbà á lójú ọ̀nà Ìdó. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti fi hàn ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, pé oògùn àti ará ilé ń ṣiṣẹ́ pọ̀: àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ìbátan wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ oko tí baba fi sílẹ̀ ló wá le jù. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Oko ògbólógbòó tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ẹbí ń fojú sí lára. Baba tó kú kò kọ ìwé. Ọmọ kò mọ ààlà, torí iléèwé ló ń lọ. Àbúrò baba á ní òun á máa bá a mójú tó o, kí ọdún mẹ́ta tó pé, pèrègún ti ṣí nípò. Kì í ṣe gbogbo àbúrò baba. Mo mọ àwọn tó tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ju tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ fọ́mọdé pé òun ni baba ilé, tó sì ń ká kòkó baba rẹ̀ sápò ara rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ fún un lójú pé ohun tó ń ṣe kò dára.

Nínú àṣà wa, ọmọ ló ń jogún baba. Ìdí igi lẹ fi pín in ni, ní iye ìyàwó, orí-ò-jorí ni, ní iye ọmọ, ti ọmọ ni. Ní 1962, títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ẹjọ́ ìdílé Dáwódù ti Èkó, ilé ẹjọ́ gbà pé ìdí igi jẹ́ àṣà Yorùbá tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, kí ogójì ọjọ́ tó pé, kí àgbà méjì nínú ẹbí, aládùúgbò oko, àti pásítọ̀ tàbí ààfáà kan mú ọmọ náà lọ sóko. Kí wọ́n bá a rìn yí ààlà ká, kí wọ́n fi fóònù ya pèrègún kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ìyá. Bí a bá ta kòkó, ohun tí ọmọ nílò ni ká kọ́kọ́ yọ. Bí ẹbí bá sì ta kú, Legal Aid Council wà ní Adó fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹ máa ń tọ́ka sí Awólọ́wọ̀ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Lóòótọ́, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1920; ó ṣẹ́gi, ó pọnmi, ó ṣọmọ ọ̀dọ̀ kó tó rí ìwé kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀, kò ní kí ọmọ ẹlòmíràn lọ jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ kó lè gbọ́n. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Èkìtì ń bẹ níbẹ̀. Láti 2018, ìjọba Èkìtì ti ní kí a má gbowó iléèwé mọ́ títí dé òpin girama. Ṣùgbọ́n aṣọ, bàtà, oúnjẹ àti orúkọ "baba ilé" yẹn ló ń lé ọmọ jáde ní kíláàsì. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ má gba ọmọ ọdún mẹ́tàlá láti gbé búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, ẹ má fún un ní máṣíìnì. Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, tí táàmù tuntun bá wọlé, ọmọ aláìníbaba tí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn, ẹ rán ẹnìkan lọ sílé wọn lọ́jọ́ náà gan-an.