Kí Ọ̀ṣọ́ Má Baà Di Oṣó

Àbúrò mi obìnrin kan ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sín ìlẹ̀kẹ̀ tà: ti ọrùn, ti ọwọ́, ti ìdí. Nígbà tí ọjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tà dáadáa, ó sọ ọ́ ní Ọ̀ṣọ́ Ọmọge, ó sì wá fọ́ǹtì ọlọ́yàyà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn lẹ́tà rẹ̀ rí roboto bí ẹni pé wọ́n ń jó. Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì náà kò ní ọ, kò sì ní ṣ. Àpótí kékeré òfìfo ló ń yọ níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Nítorí pé fọ́ǹtì náà ti wọ̀ ọ́ lójú, ó yọ gbogbo àmì kúrò, ó sì ní kí wọ́n tẹ OSO OMOGE sára káàdì 200. Ìyá àgbàlagbà kan tó wá ra ìlẹ̀kẹ̀ wo káàdì náà títí, ó ní, “Ọmọ mi, oṣó ọmọge kẹ̀? Ta ni yóò fowó ra oṣó?” A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n owó tó fi tẹ káàdì kì í ṣe owó ẹ̀rín.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún ọjà. Kí oníbàárà tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ọwọ́ yín, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí, fọ́ǹtì sì ni aṣọ tí orúkọ náà wọ̀. Àwọn fọ́ǹtì kan wà tí a ṣe fún kíkà, tí a fi ń tẹ ìwé àti ìwé ìròyìn. Àwọn mìíràn wà tí a ṣe fún àfihàn, tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta gàdàgbà kí ojú lè tètè bá a. Ìdí àfihàn ni a ti ń rí àwọn fọ́ǹtì ọlọ́yàyà.

Lẹ́tà ní ohùn tirẹ̀. Ní ọdún 1994, Vincent Connare, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft nígbà náà, rí àwòrán ajá kan tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà. Times New Roman ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ajá náà, fọ́ǹtì tí a ṣe fún ìwé ìròyìn The Times ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Connare rí i pé ohùn yẹn kò bá ẹnu ajá mu, ó sì ṣe Comic Sans, tó jọ ọ̀rọ̀ inú ìwé àwòrán àwọn ọmọdé. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn gbé e lọ sínú lẹ́tà ọ́fíìsì àti ìkìlọ̀ ara ògiri, wọ́n sì wá ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ káàkiri. Fọ́ǹtì náà kò yí padà. Ibi tí wọ́n gbé e lọ ni kò gbà á.

Nítorí náà, ẹ bi ara yín léèrè: bí ọjà mi bá lè sọ̀rọ̀, ohùn wo ni yóò fi sọ ọ́? Ọmọláńgidi tí a fi aṣọ rán, fìlà òwú tí a hun fún ọmọ ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà, gbogbo ìwọ̀nyí lè gba lẹ́tà tó ń jó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra òrí tàbí ọṣẹ dúdú fún ara tó ń yún un fẹ́ ìdánilójú ju eré lọ. Ọ̀yàyà díẹ̀ tó o. Àpọ̀jù rẹ̀ lè mú kó rò pé ẹ kò ka iṣẹ́ yín sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa Yorùbá gan-an nìyí. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kì í ṣe ohun tí a fi ṣe ojú lẹ́tà lóge. Ní ọdún 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀, nítorí pé ìtumọ̀ so mọ́ ọn. Ọṣẹ ni a fi ń wẹ̀, ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ méje, ọṣẹ́ sì ni ìpalára. Ẹ yọ àmì wọn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Bí fọ́ǹtì kan kò bá ní lẹ́tà tí ẹ tẹ̀, kọ̀ǹpútà tàbí fóònù sábà máa ń yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Lẹ́tà àyálò náà yóò sì dá yàtọ̀ bí ẹni tí kò ra aṣọ ẹbí níbi ìgbéyàwó. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ẹ àti ọ, ṣ nìkan ni kò ní sí. Ìdí ni pé èdè Vietnam náà ń fi àmì sábẹ́ e àti o, ṣùgbọ́n kò fi í sábẹ́ s. Fọ́ǹtì tí a ṣe tó gba èdè wọn lè gbé wa dé ìdajì ọ̀nà kó já wa jù sílẹ̀. Ẹ tún wo àmì ohùn dáadáa. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ́ kì í ṣe ẹyọ lẹ́tà kan. Ọ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tí a gbé lé e lórí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá pèsè ààyè fún un, àmì náà yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó gun lẹ́tà kejì.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ni kí ẹ wò kí ẹ tó yan fọ́ǹtì. Ẹ tẹ orúkọ ọjà yín sí i pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ní lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ lára ọjà gan-an, nítorí ohun tó hàn gbangba lójú kọ̀ǹpútà lè di ẹyọ dúdú kan lára agolo kékeré. Kí ẹ wá fún ẹni tí kò mọ orúkọ náà tẹ́lẹ̀ láti kà á sókè. Bó bá ṣì í kà, fọ́ǹtì ló kùnà.

Orúkọ nìkan ni kí fọ́ǹtì ọlọ́yàyà máa gbé. Èròjà, àdírẹ́sì, ọjọ́ tí ọjà yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC fún ọṣẹ àti ìpara, ẹ fi fọ́ǹtì tó ṣe é kà kọ wọ́n. Andika àti Charis, tí àjọ SIL ṣe, gba àmì Yorùbá dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ẹ ka àṣẹ ìlò pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlò ara ẹni, kì í ṣe fún ọjà títà. Èyí tó bá wà lábẹ́ SIL Open Font License, ẹ lè fi ṣòwò láìsan kọ́bọ̀.

Bí ẹ kò bá rí èyí tó gba orúkọ yín, ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́. Ohun tí àbúrò mi ṣe nígbẹ̀yìn nìyẹn. Ó lọ bá bàbá kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára mọ́tò, bàbá náà fi búrọ́ọ̀ṣì kọ Ọ̀ṣọ́ Ọmọge, ó sì ṣe àmì abẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀. Àbúrò mi ya fọ́tò rẹ̀, òun ló wà lára káàdì rẹ̀ títí di òní. Fọ́ǹtì pọ̀ lóde. Bí ọ̀kan kò bá lè gbé orúkọ yín, òun ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ má fọwọ́ kan orúkọ.