Ẹ̀yìn tí wọ́n là kò lè dọ̀bálẹ̀

1/ Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo délé sí Erinje, ẹjọ́ ti ń lọ káàkiri: "Ọmọ yìí ò kí àgbà mọ́."

2/ Nǹkan mẹ́ta ni dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣe: bíbẹ̀rẹ̀, gbígbé ẹrù, lílọ́ ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wá sọ fún mi, ìdọ̀bálẹ̀ wo ni kò ní bíbẹ̀rẹ̀ nínú?

3/ "Ṣebí ojú ọgbẹ́ ti jinná?" Awọ ló jinná o! Tí wọ́n bá so eegun ẹ̀yìn pọ̀, oṣù mélòó kan ló máa ń gbà kó tó mú. Ojú ò lè rí ìyẹn.

4/ "Ṣebí o ń rìn?" Mò ń rìn, torí rírìn wà lára ìtọ́jú. Ìyẹn ò ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ pupuru, tàbí kí n gun ọ̀kadà wọ inú kòtò láti Òkìtìpupa wálé.

5/ Ẹ má pè é ní àṣà. Àṣà wa náà ló ní ká kọ́kọ́ bi aláìsàn pé, "Ara ńkọ́?" Ta ló bi mí?

6/ Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń pè mí ní ọ̀lẹ, ẹ bá mi pọnmi. Ẹ so igi gígùn mọ́ ìgbálẹ̀ fún mi.

7/ Tí ẹ̀yìn yìí bá mú tán, màá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, ẹ kú àárọ̀ o. Orí ìdúró ni mo wà.