Ẹ̀bẹ̀ Kọ́ Ló Ń Dá Láísẹ́ǹsì Padà

Ẹ̀yin awakọ̀ Ìwó, ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ ní gáréèjì wa: bí Róòdù Séfítì bá ti dá láísẹ́ǹsì èèyàn dúró, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ wá alàgbà tó mọ ọ̀gá wọn, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ máa retí. Bí ẹnìkan bá dárúkọ ilé ẹjọ́, wọn a ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ta ló fẹ́ bá ìjọba ṣọ̀rẹ́? Láísẹ́ǹsì la ń wá.

Ẹ yọ tíkẹ́ẹ̀tì yín síta. Owó ìtanràn la máa ń wò, a kì í wo póìǹtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpọ̀jù ẹrù, póìǹtì 10. Àìde bẹ́líìtì, 5. Ẹni tó sanwó méjèèjì láì janpata ti ní 15, ibẹ̀ gan-an ni ìdádúró láísẹ́ǹsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá di 21, wọ́n lè gbà á pátápátá. Ẹni tó sanwó ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn. Ẹni tí kò bá jẹ̀bi, kó sọ pé kóòtù lòun ń lọ kó tó san kọ́bọ̀.

Ẹ ní ta ló lè pe àjọ ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́? Ìwọ ni. Abala 36 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni kí wọ́n tó ṣèpinnu lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Abala 251 gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, ó sì wà ní Òṣogbo níbí.

Ibi tí ẹ̀bẹ̀ ti ń pa wá lára rèé: oṣù 3 péré ni ìlànà ilé ẹjọ́ náà fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yẹ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ wò. Alàgbà ní ká jẹ́ kí Iléyá kọjá ná. Ọ̀gá rìnrìn àjò. Wọ́n gbé ọ̀gá lọ ibòmíràn, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó mọ tuntun. Oṣù kẹrin ti wọlé.

Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti dá láísẹ́ǹsì yín dúró náà ni kí ẹ béèrè ìwé lọ́wọ́ Róòdù Séfítì: kí ni mo ṣe, ọjọ́ wo, póìǹtì mélòó? Ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. (Ẹni tó mutí yó wakọ̀, òun kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, kó jókòó sílé.)

Owó lọ́yà ga, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ tí à ń dá lójoojúmọ́, kí la ń fi ṣe? Ó lè gba lọ́yà kan fún gbogbo gáréèjì. Ẹ bi àwọn alága léèrè ní ìpàdé tó ń bọ̀.