Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wo Àwòrán Náà Tán

Ìyá kan pọn ọmọ, ó ru agbọ̀n, ó wọ ọjà. Inú àwọn ọlọ́jà dùn sí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ń ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 6, ọsàn 5, ṣinṣín 4, àgbàdo sísun 3, àgbọn 2. Ọmọ a jẹ ẹyọ kan, a ju ìyókù sínú agbọ̀n orí ìyá rẹ̀. Ìyá ò mọ nǹkan kan, àfi ìgbà tó sọ agbọ̀n kalẹ̀ tí jìnnìjìnnì bò ó pé ọjà tí òun kò sanwó rẹ̀ ló kún ibẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ló là á yé e pé ọmọ làwọn fún. Ìtàn inú Baby Goes to Market nìyẹn, ìwé tí Àtinúkẹ́, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Wales, kọ, tí Angela Brooksbank ya àwòrán rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2017. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọ̀kánjúwà kò dára, tàbí pé kí èèyàn má gbé ọjà ọlọ́jà. Síbẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀. Ọmọ ìlú Ipogun tó bá ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ rí yóò rí wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nawọ́ sí wọn fún un.

Lójú tèmi, ohun tó fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ lágbára ni pé ọmọ tó ń wò ó mọ ohun tí ìyá inú ìwé kò mọ̀. Ó ń rí agbọ̀n tó ń kún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń dájọ́ fúnra rẹ̀: ó dáa báyìí àbí kò dáa? Ìdájọ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ibi tí àwa òbí àti olùkọ́ ti ń bà á jẹ́ ni pé kó tó wo àwòrán tán, a ti bi í pé, "Ẹ̀kọ́ wo lo rí kọ́?" Ó di ìdánwò. Ọmọ á wá ìdáhùn tó máa tẹ́ wa lọ́rùn, á sì gbé èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ mì.

Àwọn kan á ní bí àlọ́ bá parí, àṣà wa ni ká sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti pé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, kì í fi ìmọ̀ràn pamọ́ fún òǹkàwé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí àgbà tó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nídìí àlọ́, àwọn ọmọ ti gberin, wọ́n ti fi Ìjàpá rẹ́rìn-ín, wọ́n ti bínú sí i. Ibi tí ọkàn wọn ti dé tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bá wọn. Fágúnwà náà, igbó inú ìtàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú wa wọ̀ kó tó gbà wá nímọ̀ràn. Àwọn mìíràn á ní irú ìwé alàwòrán bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹyọ kan tó kíláàsì bí olùkọ́ bá gbé e sókè. Ohun tó dùn mí jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ọjà yìí, bẹ́ẹ̀ ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ ti fi hàn tipẹ́ pé èdè wa tó kọ́ ọmọdé. Kí àwọn tó ń ṣe ìwé fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ya Ọjà Ọba fún wa ní Yorùbá, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kí wọ́n má sì kọ ìbéèrè kankan sí ojú ìwé tó kẹ́yìn.