Ogbó Là Ń Tọrọ, Arúgbó Là Ń Sá Fún

A sábà máa ń fi ẹsẹ Ifá la ọ̀nà fún ẹlòmíràn níhìn-ín. Lónìí, àwa onífá fúnra wa ni mo fẹ́ fi Ifá bá wí, ara mi ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí wá sọ ọmọ lórúkọ ní agboolé kan ní Ìlíṣàn. Oyin wà, iyọ̀ wà, obì àti orógbó kò gbẹ́yìn. Mo mú orógbó, mo wúre pé kí ọmọ náà gbó, kí ó tọ́, kí ó hewú lórí, kí ó tẹ̀pá. Àṣẹ tí àwọn ènìyàn ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé kúrò. Nígbà tí mo ń lọ fọwọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, mo gba iwájú yàrá kan kọjá. Ìyá arúgbó kan jókòó lórí ẹní nínú òkùnkùn. Ó ní, “Ta nìyẹn? Ariwo kí ni mò ń gbọ́? Àbí ẹnìkan kú ni?” Mo ní, “Rárá o, ìyá. Ọmọ ni a ń sọ lórúkọ.” Ó ní, “Ọmọ ta?”

Ìyá tí ó bí bàbá bàbá ọmọ náà ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé a bímọ nínú ilé. Ó ti gbó, ó ti tọ́, ó ti hewú, ọ̀pá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ire tí mo kà lé ọmọ titun lórí ni Olódùmarè ti fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kí i, mo sì padà síbi oúnjẹ. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi.

Ẹjọ́ tí mo wá rò kò gùn. Bí a bá dá Ifá tí Ifá sì fọ ire, ire àìkú ni a kọ́kọ́ ń fi ìbò bi í. Kò sí ìwúre tí a ó ṣe tí ogbó kò ní sí nínú rẹ̀. Ẹni tí àdúrà náà bá sì gbà fún, òun ni à ń fi sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Ta ni à ń tàn jẹ?

Ẹ jẹ́ kí a wo Odù Ìká Òfún. Ohun tí àwọn àgbà inú ẹsẹ náà wá béèrè ni bóyá àwọn yóò pẹ́ láyé tó bí Olódùmarè ti yàn án fún wọn. Ifá ní wọn yóò pẹ́, bí wọ́n bá lè pa ìkìlọ̀ mẹ́rìndínlógún mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni pé wọn kò gbọdọ̀ gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó. Wọ́n délé, wọ́n ta ìkìlọ̀ nù, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ. Wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ni ó ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní kì í ṣe òun. Àìpa ìkìlọ̀ mọ́ wọn ni ó ń pa wọ́n. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti so kọ́ra: ẹni tí ó fẹ́ gbó kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tí ó ti gbó.

Àwọn kan yóò ní àwọn kò já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Kí ni ọ̀pá arúgbó? Ohun tí ó ń fara tì ni. Ọmọdé tí ó ń bá a pọn omi, ọ̀pá ni. Aládùúgbò tí ó ń yọjú sí i láàárọ̀, ọ̀pá ni. Ẹni tí ó lè jókòó gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀kẹwàá, ọ̀pá ni. Bí gbogbo wọn bá ti kúrò lẹ́bàá rẹ̀, a ti gba ọ̀pá rẹ̀, bí igi tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 20 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, à ń wọ aṣọ funfun, à ń lu ìlù, à ń yangàn pé a di ìṣẹ̀ṣe mú. Ifá ka ìyá àti bàbá ẹni mọ́ ìṣẹ̀ṣe ẹni, ó sì ní kí a bọ ìṣẹ̀ṣe kí a tó bọ òrìṣà. Ẹni tí ó pa ajá fún Ògún, tí ìyá rẹ̀ sì sun ebi, kò tíì mọ ibi tí ẹbọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn ọmọ Rẹ́mọ yóò fọ̀. Wọn yóò ní iṣẹ́ ni ó gbé àwọn lọ sí Èkó, òmíràn yóò ní Kánádà, wọn yóò sì ní àwọn ń fi owó ránṣẹ́. N kò bá ẹni tí ó ń wá oúnjẹ jà. Obì gbànja tí àwọn àgbà Rẹ́mọ kórè, tí a kó lọ tà ní Òkè Ọya, ni ó san owó ilé ìwé ọ̀pọ̀ nínú wa. Wọ́n ṣe é kí a lè lọ ni. Àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ọmú kì í gba inú fóònù kọjá. Owó tí ó wọ báǹkì kò lè gbé arúgbó dìde bí ó bá ṣubú lóru. Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn láti ọdún 1999, ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ sì wà nínú ìlú náà. Ta ni yóò gbé aláìsàn débẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn? Òwe òkété kò sì kan ẹni tí kò bímọ, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ sọ́run. Ifá kò sọ pé ọ̀pá ọlọ́mọ nìkan ni a kò gbọdọ̀ gbà.

Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ìjọba ní ipa tirẹ̀. Ní 2011, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn arúgbó, òfin ọdún 2017 sì dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n owó ìjọba kì í jókòó ti ènìyàn. Àwa ni à ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń kó òbí rẹ̀ sí ilé àwọn arúgbó. Ní 2018, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan mínísítà tí yóò máa rí sí ọ̀ràn àwọn tí kò rí ẹni bá gbé. Japan ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021. Wọ́n gbà pé àrùn náà ń ṣe wọ́n. Àwa ṣì ń fi òwe bo tiwa mọ́lẹ̀.

Èyí tí ó burú jù lọ, ọwọ́ àwa awo àti àwọn wòlíì ni ó wà. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ dí ní Èkó yóò wá béèrè ẹni tí ó dí i. Awo tí kò mọ Ifá tó yóò ní àgbà obìnrin kan ni, nílé bàbá rẹ̀. Ṣé ẹ ṣàkíyèsí pé ìka kì í sábà nà sí ìyá tí ọmọ yí ká? Ẹni tí kò ní agbèjà ni ó máa ń nà sí. Láti ọjọ́ náà, ọmọdé kò ní gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ilẹ̀ wa sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ènìyàn ní àjẹ́, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin ìjọba tó dé ni Ìká Òfún ti sọ̀rọ̀. Awo tí ó bá fi ẹnu ya ìyá arúgbó nípa kúrò láàrin ẹbí rẹ̀ ti gba ọ̀pá, kí ó má retí ogbó.

Bí ẹnìkan bá sì ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá yẹn ń lọ, kí ìjọ rẹ̀ wá a wò,” ẹ bi í léèrè: ibo ni Ifá ti ní kí a kọ́kọ́ béèrè ẹ̀sìn ẹni tí ó ni ọ̀pá?

Ohun tí mo ń fẹ́ kí a ṣe nìyí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ Ifá, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìwúre, kí olórí awo béèrè pé, “Àgbà wo ni a kò rí?” Kí a mọ orúkọ àwọn arúgbó tí ó ń dá gbé ní agboolé kọ̀ọ̀kan, kí a sì yan ọmọ awo méjì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, tí yóò pọn omi, tí yóò jókòó, tí yóò sì ní nọ́ńbà àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ti ìsọmọlórúkọ, mo ti fi í ṣe èèwọ̀ fún ara mi: n kò ní mú orógbó sókè láìjẹ́ pé àgbà ilé wà níbẹ̀, tàbí kí a kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ bá a lórí ẹní rẹ̀. Ẹnu tí ó ti gbó ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ pé kí ọmọ gbó.

Ìyá ọjọ́ náà ti di ará ọ̀run. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ìsìnkú rẹ̀. Màlúù wà, aṣọ ẹbí wà. Èmi náà jókòó, mo ń wo oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi, n kò sì lè jẹ ẹ́.

Kí Ifá má jẹ́ kí a gba ọ̀pá tí a ó padà wá tẹ̀. Àbọrú, àbọyè.