Àwọn Ọmọ Wa àti Ìwé Kíkà Tó Já Geere

Ní oṣù November ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2022. Ìlànà náà ni ó sọ pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí wọn yóò lò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Àwọn kan yọ̀, àwọn mìíràn bínú. Ṣùgbọ́n kí a tó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan wà tí a gbọ́dọ̀ dáhùn: ǹjẹ́ àwọn ọmọ wa tilẹ̀ lè kàwé kí ó sì yé wọn, ní èdè yòówù kí ó jẹ́?

Ìròyìn tí Báńkì Àgbáyé, UNICEF àti àwọn àjọ mìíràn gbé jáde ní ọdún 2022 fojú bù ú pé, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́, nínú 100 ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún 10, nǹkan bí 70 ni kò lè ka ìtàn kékeré kí ó sì yé wọn. Ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà nílẹ̀ Áfíríkà, iye náà jẹ́ 89. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Púpọ̀ nínú wọn mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kíkà wọn kò já geere. Kíkà tó já geere ní ohun mẹ́ta nínú: kí ọmọ pe ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, kí ó yá níwọ̀n, kí ohùn rẹ̀ sì bá ìtumọ̀ mu. Ọmọ tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ wá lẹ́tà kò ní agbára tó ṣẹ́kù fún ìtumọ̀. Kí ó tó dé òpin gbólóhùn, ó ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀ràn èdè ti wọlé. Ẹ jẹ́ kí a fún ọmọ ọdún 7 tó ń gbọ́ Yorùbá nílé ní gbólóhùn yìí: “Bàbá ra ọkọ́ tuntun lọ́jà.” Bí ó bá ṣèèṣì kà á pé bàbá ra ọkọ tuntun, òun fúnra rẹ̀ yóò bú sẹ́rìn-ín, yóò sì tún un kà, nítorí etí rẹ̀ ti mọ̀ pé a kì í ra ọkọ lọ́jà. Etí ń ran ojú lọ́wọ́. Nínú èdè tí kò gbọ́ rí, àṣìṣe àti òótọ́ dọ́gba lójú rẹ̀.

Mínísítà náà sọ pé àwọn agbègbè tó fi èdè abínibí kọ́ni jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìdánwò, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n a ti dán ọ̀nà kejì wò rí. Ní ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Àwa nínú ìjọ kò lè fi ọ̀ràn yìí sílẹ̀ fún ìjọba nìkan. Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, ìgbàgbọ́ àti ìwé jọ wọlé ni. Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣe làálàá ọ̀pọ̀ ọdún kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní ọdún 1884, kí ẹni tó gbàgbọ́ lè fi ojú ara rẹ̀ kà á. Lónìí, ọmọ lè ka ẹsẹ àkọ́sórí láìṣìnà ní ọjọ́ ayẹyẹ àwọn ọmọdé, kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí Bíbélì fún un, ó lè má mọ ìlà tí ẹsẹ náà wà. Àkọ́sórí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé kíkà.

Ohun tí a lè ṣe kò gba owó púpọ̀. Kí òbí tàbí olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi mú ìtàn kékeré kan tó ní àmì ohùn, ìlà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Kí ó kọ́kọ́ kà á sókè, kí ọmọ máa fi ìka tẹ̀lé e. Kí àwọn méjèèjì jùmọ̀ kà á. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ dá a kà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, títí yóò fi já geere, kí a sì ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà. Bí ó bá ṣìnà, kí a pe ọ̀rọ̀ náà fún un jẹ́jẹ́. Ọmọ tí a bá dójú tì níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sá fún ìwé. Òbí tí kò mọ̀wé pàápàá lè jókòó kí ó máa gbọ́, kí ó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn.

Ìjọba lè tún yí ìlànà padà lọ́la. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì lónìí kò lè dúró dè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé fún un lálẹ́ òní.